Ohun Tí Òǹkàwé Wí: Ìtàn Ìdájọ́ Ìwé Láàárín Àwọn Yorùbá

Ìdájọ́ ọ̀rọ̀ ti wà ní ilẹ̀ Yorùbá kí ìwé tó dé ibẹ̀. Níbi tí àwọn ọdẹ bá ti ń sun ìjálá, apohùn kan kì í dá sun ún kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ máa wò ó níran lásán. Bí ó bá ṣi oríkì orílẹ̀ kan pè, tàbí tí ó gbé ìtàn ìran kan fún ìran mìíràn, òmíràn nínú wọn á gba ohùn, á sì fi ìjálá bá a wí lójú agbo pé bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ kọ́ nìyẹn. Ẹni tí wọ́n bá wí náà kì í panu mọ́. Ìjálá ni yóò fi fèsì, á ní bí ọ̀gá òun ṣe kọ́ òun ni òun ṣe pè é. Adébóyè Babalọlá ṣe àkọsílẹ̀ irú àríyànjiyàn bẹ́ẹ̀ nínú ìwé tí ó kọ lórí ìjálá, èyí tí ó jáde ní 1966. Ìpéye ọ̀rọ̀, dídùn ohùn àti ìjìnlẹ̀ èdè ni àwọn olùgbọ́ fi ń wọn apohùn. Nígbà tí ìwé dé, òṣùwọ̀n kan náà ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n.

Ọ̀dọ̀ àwọn oníwàásù ni ìwé Yorùbá ti kọ́kọ́ tẹ àwọn ará ilé lọ́wọ́. Samuel Àjàyí Crowther tẹ ìwé atúmọ̀ èdè rẹ̀ jáde ní 1843. Henry Townsend gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kalẹ̀ sí Abẹ́òkúta ní 1854, ó sì bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn fún Àwọn Ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá ní ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá ọdún 1859. Owó ẹyọ 120 ni wọ́n ń tà á. David Hinderer, míṣọ́nnárì tí ó fi Ìbàdàn ṣe ibùgbé, túmọ̀ ìwé John Bunyan sí Yorùbá, ó pè é ní Ìlọsíwájú Èrò Mímọ́. Àwọn tí ó mọ ìwé kà nígbà náà kò pọ̀ rárá. Ẹnì kan ni yóò kà á sókè tí ọ̀pọ̀ yóò máa gbọ́, ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí lágbàlá ilé. Etí ni púpọ̀ nínú àwọn ènìyàn fi mọ ìwé, etí náà ni wọ́n sì fi ń mọ èyí tí ó dára. Ìwé tí èdè rẹ̀ bá le bí òkúta kò lè pẹ́ lẹ́nu ẹni tí ń kà á fún ẹlòmíràn.

Àríyànjiyàn tí ó kọ́kọ́ gbóná lórí ìwé Yorùbá dá lórí bí ó ṣe yẹ kí wọ́n kọ èdè náà sílẹ̀. Ní oṣù Kìíní ọdún 1875, àwọn ìjọ C.M.S., ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì Áńgílíkà, pe ìpàdé kan sí Èkó láti fẹnu kò lórí àkọtọ́, Bíṣọ́ọ̀bù Crowther ni ó ṣe alága rẹ̀. Odindi Bíbélì Yorùbá jáde ní 1884. Irú àríyànjiyàn bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun kékeré. Ẹni tí kò bá rí bí òun ṣe ń sọ̀rọ̀ nínú ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ yóò ka ìwé náà bí àlejò ni, ará Èkìtì, ará Ìjẹ̀bú àti ará Oǹdó sì mọ̀ pé èdè Ọ̀yọ́ ni ó pọ̀ jù nínú Yorùbá tí wọ́n ń tẹ̀ sínú ìwé.

Ìwé ìtàn ìlú ni ó wá gbé ọ̀rọ̀ náà kúrò lórí àmì ohùn àti lẹ́tà. Isaac Akínyẹlé, tí ó padà di Olúbàdàn ní 1955, tẹ Ìwé Ìtàn Ìbàdàn jáde ní 1911. A. K. Ajísafẹ́ kọ ti Abẹ́òkúta, J. B. Lòsì kọ ti Èkó. Ẹni tí ó bá ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ kì í bi ara rẹ̀ bóyá ó dùn tàbí kò dùn. Ohun tí ó ń wá ni bóyá wọ́n dárúkọ ìdílé rẹ̀, ta ni wọ́n ní ó kọ́kọ́ tẹ ìlú dó, àti ẹni tí wọ́n ní ó ṣẹ́gun lójú ogun báyìí. Oyè àti ilẹ̀ wà lábẹ́ irú ìdáhùn wọ̀nyí, nítorí náà ìwé ìtàn lè di ẹ̀rí ní kóòtù.

Èyí tí ó tíì fa ọ̀rọ̀ jù nínú wọn ni The History of the Yorubas. Samuel Johnson, àlùfáà ìjọ ní Ọ̀yọ́, parí rẹ̀ ní 1897, ó sì fi í ránṣẹ́ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n ìwé àfọwọ́kọ náà sọnù. Johnson kú ní 1901. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ṣa àwọn àkọsílẹ̀ tí ó fi sílẹ̀ jọ, ó sì tún un kọ. Nígbà tí wọ́n tún fi í ránṣẹ́, ọkọ̀ Appam tí ó gbé e bọ́ sọ́wọ́ àwọn ará Jámánì lórí òkun ní oṣù Kìíní ọdún 1916, wọ́n sì wà á lọ sí Amẹ́ríkà. Ìwé náà kò jáde títí di 1921, lẹ́yìn tí Dókítà náà fúnra rẹ̀ ti kú. Láti ìgbà náà ni àwọn òǹkàwé ti ń sọ ohun méjì nípa rẹ̀, àwọn mìíràn tilẹ̀ ń sọ ọ́ ní ẹnu kan náà: pé kò sí ìwé tí ó kó ìtàn Yorùbá jọ tó o, àti pé Ọ̀yọ́ ni ó fi ṣe gbogbo Yorùbá. Méjèèjì jẹ́ òótọ́. Ọ̀pọ̀ ìwé ìtàn ìlú tí ó jáde lẹ́yìn rẹ̀ ni a lè kà bí èsì sí Johnson, ìwé ni àwọn tí ó kọ wọ́n fi dá ìwé lóhùn.

Ohun tí ó wá fún òǹkàwé lásán, tí kò ní agbára láti tẹ ìwé tirẹ̀, ní ibi tí ó ti lè sọ̀rọ̀ ni àwọn ìwé ìròyìn ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ tí ó hù jáde lẹ́yìn 1920. Òfin ìjọba tuntun tí Gómìnà Clifford ṣe ní 1922 fún Èkó ní àǹfààní láti dìbò, ọ̀rọ̀ òṣèlú sì ń gba ìlú kan. Adéoyè Dẹ̀nígà gbé Èkó Àkéte jáde ní 1922, E. A. Akintàn bẹ̀rẹ̀ Ẹlẹ́tí Ọfẹ ní 1923, D. A. Ọbasá dá The Yoruba News sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1924, I. B. Thomas sì mú Akéde Èkó jáde ní 1928. Owó kò pọ̀ lọ́wọ́ wọn. Olóòtú ni ó ń kọ ìròyìn, òun náà ni ó ń kọ ewì, ohun tí àwọn òǹkàwé bá fi ránṣẹ́ ni wọ́n sì fi ń kún ojú ewé. Bí ó ṣe di pé lẹ́tà òǹkàwé jókòó sí ẹ̀gbẹ́ iṣẹ́ òǹkọ̀wé lórí tákàdá kan náà nìyẹn. Ọbasá kọ́kọ́ ń tẹ ewì rẹ̀ sínú ìwé ìròyìn rẹ̀ kí ó tó kó wọn jọ di Ìwé Kìíní ti Àwọn Akéwì ní 1927. Ìlú ti gbọ́ ewì náà, wọ́n sì ti mọ èyí tí wọ́n fẹ́ràn, kí ó tó di ìwé.

Ní ọjọ́ 13 oṣù Keje ọdún 1929, lẹ́tà kan jáde nínú Akéde Èkó. Ẹni tí ó kọ ọ́ pe ara rẹ̀ ní Sẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́. Ó ní arẹwà ni òun nígbà èwe òun ní Èkó, ọkọ tí òun fẹ́ kò lóǹkà, ṣùgbọ́n àgbà ti dé báyìí, àìsàn ti dá òun gúnlẹ̀, owó sì ti tán. Ó fẹ́ kí olóòtú bá òun tẹ ìtàn ayé òun kí àwọn ọ̀dọ́bìnrin lè fi ṣe àríkọ́gbọ́n. Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀, lẹ́tà ń gorí lẹ́tà, títí di oṣù Kẹta ọdún 1930, ó sì pé 30. Orúkọ àdúgbò Èkó tí gbogbo ènìyàn mọ̀ wà nínú rẹ̀, orin tí ìlú ń kọ ní ìgbà èwe obìnrin náà wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹsẹ Bíbélì àti ẹkún àbámọ̀. Thomas tí ó jẹ́ olóòtú ni ó ń kọ gbogbo rẹ̀, kò sì sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Àwọn òǹkàwé kọ̀wé sí i. Àánú obìnrin náà ṣe àwọn kan, wọ́n ń gbàdúrà fún un. Àwọn kan bú u. Àwọn mìíràn ń gbìyànjú láti mọ ẹni náà gan-an nínú àwọn obìnrin Èkó, àwọn kan sì fi ìtàn rẹ̀ wàásù fún ọmọ ìwòyí. Thomas ń tẹ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ bí ìtàn náà ṣe ń lọ, ìtàn náà sì ń dá àwọn tí ń kà á lóhùn. Ibí yìí ni iṣẹ́ Thomas ti yàtọ̀ pátápátá: òǹkàwé ń sọ èrò ọkàn rẹ̀ lórí ìwé tí kò tíì parí, òǹkọ̀wé sì lè tẹ́tí sí i kí ó tó kọ ti ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Ìwà Sẹ̀gilọlá ni àwọn òǹkàwé ń dá lẹ́jọ́, wọn kò sọ ohun kan nípa ọnà èdè tàbí bí ìtàn náà ṣe gún. Síbẹ̀, kò sí ìyìn tí ó ju èyí lọ fún ọwọ́ òǹkọ̀wé, pé àwọn ará ìlú ń wá ẹni tí kò sí láyé káàkiri àdúgbò.

Ní oṣù Keje ọdún 1930, ìtàn náà di ìwé. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ lónìí gbà pé òun ni ìwé ìtàn àròsọ Yorùbá àkọ́kọ́. Karin Barber tún un tẹ̀ ní 2012 pẹ̀lú ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn ohun mìíràn tí Thomas tẹ̀ nígbà náà. Ó yẹ kí ẹni tí ó bá ń kà á lónìí rántí pé àwọn tí ó kọ́kọ́ kà á kò mọ̀ pé ìtàn àròsọ ni wọ́n ń kà.

Ní 1936, ẹ̀ka ètò ẹ̀kọ́ ìjọba ṣe ìdíje fún àwọn òǹkọ̀wé, ìwé tí D. O. Fágúnwà kọ fún ìdíje náà ni C.M.S. tẹ̀ jáde ní 1938: Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀. Ilé ìwé gbé e, àwọn ọmọ ilé ìwé sì gbé e délé. Alẹ́ ni wọ́n máa ń kà á sétí àwọn òbí tí kò mọ ìwé, àwọn òbí á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní kí ọmọ padà sí ibi tí ó ti kọjá. Nínú ìtàn náà gan-an, bí Àkàrà-Oògùn, ọdẹ tí ìtàn náà dá lé lórí, ṣe ń sọ ìrírí rẹ̀ lójoojúmọ́ ni èrò tí ń wá gbọ́ ọ ń pọ̀ sí i, bí ẹni pé òǹkọ̀wé ti mọ irú ènìyàn tí yóò ka ìwé òun. Ọ̀pọ̀ òǹkàwé kò kọ lẹ́tà sí ẹnikẹ́ni lórí Fágúnwà. Wọ́n há a sórí. Àwọn àgbàlagbà tí ó jáde ilé ìwé láti nǹkan bí 1950 ṣì lè ka ìpínrọ̀ tí ó bẹ̀rẹ̀ ìwé náà láìwo ìwé, kò sì sí àgbéyẹ̀wò tí ó sọ nípa èdè Fágúnwà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí àwọn òǹkàwé kò fẹnu kò lé lórí ni ìwàásù rẹ̀. Olùkọ́ fẹ́ràn ibi tí ìtàn ti dúró kí ẹ̀kọ́ lè wọlé, ọmọ tí ó fẹ́ mọ ohun tí iwin fẹ́ ṣe sì ń fo ojú ewé náà.

Kò sí ìwé tí ó tíì dá àwọn òǹkàwé Yorùbá sí méjì tó The Palm-Wine Drinkard. Ilé ìtẹ̀wé Faber ni ó tẹ̀ ẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1952. Amos Tutùọlá tí ó kọ ọ́ jẹ́ ọmọ Abẹ́òkúta, ilé ìwé rẹ̀ kò lọ jìnnà, ó ti ṣe alágbẹ̀dẹ fún ọmọ ogun òfurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà ogun, iṣẹ́ òjíṣẹ́ ni ó sì ń ṣe ní ọ́fíìsì ìjọba tí ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ní Èkó. Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi kọ ìwé náà, ṣùgbọ́n bí Yorùbá ṣe ń to ọ̀rọ̀ ni ó to tirẹ̀. Ní ọjọ́ 6 oṣù Keje ọdún náà, akéwì Dylan Thomas, ọmọ Wales, yìn ín gidigidi nínú ìwé ìròyìn The Observer. Ìyìn yẹn ni ó sọ Tutùọlá di olókìkí ní òkè òkun, Grove Press sì tẹ ìwé náà ní Amẹ́ríkà ní 1953.

Inú àwọn ọ̀mọ̀wé ilé kò dùn sí i. Ìwé ìròyìn West Africa, tí wọ́n ń tẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tí ó wà níbẹ̀ sì ń kà, ni wọ́n ti bá ara wọn sọ ọ́. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1954, Babáṣọlá Johnson kọ̀wé pé kò yẹ kí ẹnikẹ́ni tẹ irú ìwé bẹ́ẹ̀ jáde rárá, nítorí pé èdè inú rẹ̀ kì í ṣe ti òyìnbó, kì í sì í ṣe ti àwọn ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ní oṣù Kẹfà, I. Adéagbo Akínjógbìn, tí ó padà di gbajúmọ̀ onímọ̀ ìtàn ní Ifẹ̀, sọ pé ìdí tí òyìnbó fi fẹ́ràn ìwé náà ni pé ó fi ìdí ohun tí wọ́n ti rò tẹ́lẹ̀ nípa aláwọ̀ dúdú múlẹ̀. Àwọn mìíràn ní ọ̀dọ̀ Fágúnwà ni Tutùọlá ti mú púpọ̀ nínú ìtàn rẹ̀, àti pé ohun tí Lọ́ńdọ̀nù ń pè ní àrà tuntun jẹ́ ohun tí ọmọdé ilé ti gbọ́ lábẹ́ òṣùpá.

Kò tọ́ kí a ka àwọn tí ó kọ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ sí onílara. Ìjọba ara ẹni ni wọ́n ń jà fún. Ní oṣù Kìíní ọdún 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún gbogbo ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó ń múra láti fi Gẹ̀ẹ́sì tí ó jíire gba orílẹ̀-èdè rẹ̀ lọ́wọ́ òyìnbó kò lè dunnú pé Gẹ̀ẹ́sì tí kò tẹ̀lé òfin gírámà ni òyìnbó ń pàtẹ́wọ́ fún. Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù ohun tí òyìnbó yóò rò dí wọn lójú sí ohun tí àwọn fúnra wọn ì bá gbádùn. Lójú agbo ìjálá, ẹni tí ó ń pa ohùn ni wọn ì bá kọjú sí. Níbí, ẹni tí ń pàtẹ́wọ́ ni wọ́n ń wò.

Ohun tí ó tún ojú ìwòye náà ṣe nílé ni pé ìtàn náà padà sí Yorùbá. Ní 1963, Kọ́lá Ògúnmọ́lá, ọ̀gá òṣèré, gbé e sórí ìtàgé ní Yunifásítì Ìbàdàn ní èdè Yorùbá, ó pè é ní Ọ̀mùtí, Demas Nwoko sì bá a ṣe é. Ó gbé eré náà káàkiri ìlú lẹ́yìn náà. Àwọn òǹwòran tí kò ka ìwé náà rí, tí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò sì kàn, rẹ́rìn-ín títí. Ní 1977, Chinua Achebe wá sí Ìbàdàn láti sọ àsọyé lórí ìwé kan náà, ó sì gbé e yẹ̀ wò bí ìwé tí ó ní ọgbọ́n ìwà nínú, ó jìnnà sí bí àwọn tí ó kọ lẹ́tà ní 1954 ṣe rí i.

Láàárín ìgbà náà, ìdájọ́ ìwé ti di iṣẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì. Wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ gíga ti Ìbàdàn sílẹ̀ ní 1948, jọ́nà Odù bẹ̀rẹ̀ ní 1955, Black Orpheus ní 1957. Ulli Beier kọ nípa Fágúnwà nínú Black Orpheus ní 1965, ọdún méjì lẹ́yìn tí òǹkọ̀wé náà kú. Ayọ̀ Bámgbóṣé tẹ odindi ìwé jáde lórí ìtàn àròsọ rẹ̀ ní 1974: ó tú bí ìtàn náà ṣe lọ palẹ̀, ó sì wo ìwàásù àti ìyapa-kúrò-lójú-ọ̀nà inú rẹ̀ pẹ̀lú òótọ́ inú. Abíọ́lá Ìrèlé to Fágúnwà, Tutùọlá àti Wọlé Ṣóyínká pọ̀ ní 1975. Iṣẹ́ wọ̀nyí fi ọnà inú ìwé hàn lọ́nà tí àwọn tí ń kọ lẹ́tà sí Akéde Èkó kò ronú kàn. Àmọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ wọ́n. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ ń ka Fágúnwà sétí rẹ̀ kò lè ka ohun tí wọ́n sọ nípa Fágúnwà, àdánù gidi ni èyí jẹ́. Ó gba àkókò kí irú jọ́nà bíi Láàńgbàsà ti Yunifásítì Èkó tó wá fi iṣẹ́ lámèyítọ́ sí èdè Yorùbá fúnra rẹ̀.

Àwọn òǹkàwé kò dúró de yunifásítì. Nígbà tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí tẹ Àjà Ló Lẹrù jáde ní 1969, àwọn tí Fágúnwà ti mú wọ igbó bá ara wọn lójú títì pẹ̀lú Lápàdé, ọlọ́pàá àná tí ń lé àwọn ọ̀daràn. Àgbàlagbà Akàn tẹ̀lé e ní 1971. Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ Ó Le Kú ní 1974, nípa Àjàní, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tí ọkàn rẹ̀ pín sọ́dọ̀ Àṣàkẹ́, Lọlá àti Ṣadé. Ìjà tí ìwé yìí dá sílẹ̀ láàárín àwọn ọ̀dọ́ tí ó kà á jọ ti Sẹ̀gilọlá: ìwà ni wọ́n tún ń dá lẹ́jọ́, ta ni ó jẹ̀bi, ta ni ó yẹ kí Àjàní fẹ́. Túndé Kèlání sọ ọ́ di sinimá ní 1997. Àwọn obìnrin inú rẹ̀ wọ ìró kúkurú tí ó mọ ní orúnkún àti bùbá bí wọ́n ṣe ń wọ̀ ọ́ ní ìgbà tí ìtàn náà ṣẹlẹ̀. Kò pẹ́ tí àwọn obìnrin fi ń gbé aṣọ lọ sọ́dọ̀ télọ̀ láti bá wọn rán an bẹ́ẹ̀, òde ìgbéyàwó kún fún un, orúkọ ìwé náà ni wọ́n sì ń pe aṣọ náà títí di òní.